Ẹ kọ́kọ́ pinnu ọjọ́ abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tó ṣe pẹ́ptáìdì tó ń gbógun ti ìsanrajù

Pẹ́ptáìdì ni ẹ̀wọ̀n kúkúrú tí a fi amino acid, àwọn ẹyọ tó ń di purotéènì, tò jọ. Kí ẹ tó to ẹyọ kan nínú oògùn yín, ẹ pinnu bí abẹ́rẹ́ yín yóò ṣe máa wọlé: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀? Èyí tí ẹ bá mú ló máa darí gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Ẹ wo GLP-1, họ́mónù tí ìfun ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí èèyàn bá jẹun. Ó ń pa ebi, ó ń mú kí insulin jáde. Àmọ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, ìdajì rẹ̀ ti run, torí ẹ́ńsáìmù DPP-4, tó dà bí ọ̀bẹ nínú ara, ń gé amino acid 2 kúrò lórí rẹ̀. Alanine, amino acid tó wà ní ipò kejì, ni ọ̀bẹ yẹn ń wá. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi Aib, amino acid mìíràn tó jọ ọ́, rọ́pò: methyl kan péré (carbon kan pẹ̀lú hydrogen mẹ́ta) ló fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n eyín DPP-4 ò ràn án.

Ìyẹn ò tíì tó, kíndìnrín ṣì ń sẹ́ ẹ dànù. Exenatide, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń ṣe bíi GLP-1, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2005, kò bẹ̀rù DPP-4, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń gún un. Pẹ́ptáìdì yín nílò ẹni tó máa pọ̀n ọ́n: albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ so ìrù ọ̀rá tó máa gbá albumin mú mọ́ lysine kan, amino acid mìíràn lára rẹ̀. Liraglutide, oògùn irú GLP-1 kan, ní ìrù carbon 16, nǹkan bí wákàtí 13 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Ìrù semaglutide, oògùn irú kan náà, jẹ́ carbon 18, ó ní ásíìdì ní ìdí rẹ̀, òun ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 1. Ẹ jẹ́ kí ìrù jìnnà sí histidine, amino acid àkọ́kọ́ níwájú, torí apá ibẹ̀ ló ń wọnú receptor, ìlẹ̀kùn ara sẹ́ẹ̀lì tí họ́mónù ń kàn.

Ẹ wọn cAMP, àmì tó ń pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì bí oògùn bá ti kan receptor, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú albumin èèyàn àti láìsí i. Ìrù tó bá gbá albumin mú jù kì í jẹ́ kí oògùn ráyè ṣiṣẹ́. Ẹni tó wọ̀n ọ́n láìsí albumin nìkan á yan èyí tí kò yẹ.

Orí resin, àwọn hóró oníke kékeré, la ti ń tò ó, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú: kẹ́míkà piperidine 20% nínú DMF, omi tí a fi ń pò ó, láti ṣí Fmoc, ìdérí orí amino acid kọ̀ọ̀kan; kẹ́míkà DIC àti Oxyma láti so èyí tó kàn. Bí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan bá kẹ́sẹ járí ní 99%, pẹ́ptáìdì ẹlẹ́yọ 30 tó pé yóò jẹ́ nǹkan bí 75%. Bó bá jẹ́ 97%, 41% péré. Ibi tó máa ń yọni lẹ́nu jù ni histidine tó ń gun orí Aib. Àyè há níbẹ̀, ìsopọ̀ ń falẹ̀. Bí ẹ bá fi ooru lé e, histidine lè yí padà bí ọwọ́ ọ̀tún tó di òsì. Ìwọ̀n rẹ̀ ò yàtọ̀, nítorí náà mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù, ò ní tú àṣírí ẹ̀. HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàn, tí ẹ jẹ́ kó rọra ṣàn, lẹ máa fi yà á. Ẹ so ó lẹ́ẹ̀mejì láìgbé e kaná. Lẹ́yìn náà, láti gé e kúrò lórí resin, ẹ lo TFA (ásíìdì líle) 95%, omi 2.5%, TIS (kẹ́míkà tó ń dáàbò bò ó) 2.5%, fún wákàtí 2 sí 3, kẹ́ ẹ dà á sínú ether tútù kí pẹ́ptáìdì lè dì jáde.

Nínú ìgò, semaglutide ń fẹ́ pH 7.4, nítòsí 5.4 kì í fẹ́ yọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí 2–8 °C, ẹ má jẹ́ kó dì.

Lára eku, ẹ ní agbo kan tí ẹ ń fún ní ìwọ̀n oúnjẹ tí àwọn tó gba oògùn jẹ gan-an, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá àìjẹun nìkan ló ń fà wọ́n rù. Ẹ má sì fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ eku pinnu ti èèyàn, torí oògùn onírù yìí ń tètè kúrò lára eku.

Lára èèyàn, ìrìndọ̀ àti èébì ló ń lé aláìsàn sá. Ìdí nìyẹn tí semaglutide fi ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.25 mg lọ́sẹ̀, tó ń gòkè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin: 0.5, 1, 1.7, kó tó dé 2.4.