Bí Ẹ Ó Ṣe Mọ Ibi Tí Much Kàn àti Ibi Tí Many Kàn

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde. Ọmọ WAEC àti ọmọ JAMB ló pọ̀ jù nínú wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní báyìí, àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè ríṣẹ́ lọ sí ìlú ọba náà ń bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni o, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni o, ibì kan náà ni ẹsẹ̀ wọn ti ń yọ̀: "many informations", "an advice", "less people". Ẹ̀bi wọn kọ́. Ìwé púpọ̀ là ń wí, omi púpọ̀ là ń wí. Ìwé díẹ̀, omi díẹ̀. "Púpọ̀" àti "díẹ̀" tiwa kì í ṣe ojúsàájú, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń bá rìn. Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sọ pé nǹkan pọ̀, ó fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́: ṣé aṣeékà (countable) ni àbí aláìṣeékà (uncountable)?

Àlàyé tí wọ́n ń kọ sójú pátákó ní ilé-ìwé ló sì ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Wọ́n á ní ohun tí a lè kà ni aṣeékà, ohun tí a kò lè kà ni aláìṣeékà. Ọmọ kan á nawọ́ sókè: "Tíṣà, ṣebí à ń ka owó?" Òótọ́ ló sọ. Ojoojúmọ́ là ń kà á, àwọn báǹkì tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á. Síbẹ̀, kò sí "many money". Àga mẹ́rin àti tábìlì kan wà ní pálọ̀ yín, ẹ lè fi ìka kà wọ́n, síbẹ̀ "furniture" kì í gba s. Ẹ tún wo ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ sí: aláìṣeékà ni "rice", aṣeékà ni "beans". "Much rice", "many beans". Ta ló jókòó ka hóró ẹ̀wà rí?

(Torí èyí náà ni "the beans is sweet" kò fi tọ̀nà nínú ìdánwò, "the beans are" ni. Ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe wù yín ní búkà, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ gba abọ́ lọ́wọ́ yín.)

Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe nǹkan ni kí ẹ wò, ẹ fi nǹkan fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan kan náà lè ní orúkọ méjì, kí ọ̀kan ṣeé kà, kí èkejì má ṣeé kà. "Naira" ṣeé kà, "money" kò ṣeé kà. "Chair" ṣeé kà, "furniture" kò ṣeé kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "suitcase" àti "luggage", "job" àti "work", "suggestion" àti "advice", "machine" àti "machinery". "How many naira" tọ̀nà, "how much money" náà tọ̀nà, ohun kan náà sì ni wọ́n ń béèrè.

Bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà, ẹ kì í ní kí wọ́n fún yín ní gàrí mẹ́ta. Kọ́ńgò gàrí mẹ́ta lẹ ń rà. Gàrí fúnra rẹ̀ kì í gba iye, kọ́ńgò ló ń bá a gbà á. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún gbogbo ọ̀rọ̀ aláìṣeékà nìyẹn. "Advice" kò gba "three", ẹ wá kọ́ńgò fún un: "three pieces of advice". "Two items of furniture". "A loaf of bread". "Two bars of soap". "A sheet of paper". "A piece of chalk". Ohun tó ń kó wa sí wàhálà ni pé Yorùbá ń lo kọ́ńgò fún gàrí, kì í lò ó fún ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn mẹ́ta là ń wí, búrẹ́dì méjì, ọṣẹ mẹ́rin, tí iye á lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà ní tààrà. Nítorí náà, bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀ lẹ́nu yín ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dúró ná, kí ẹ wá kọ́ńgò rẹ̀. Bí kọ́ńgò bá sì ti dé, ara rẹ̀ ni s máa wà. "Two pieces of advices" kò dáa, "two piece of advice" náà kò dáa.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tàn wá jẹ jù lọ kò pọ̀, ẹ lè há wọn sórí: information, advice, furniture, equipment, luggage, baggage, homework, traffic, machinery, jewellery, cutlery, stationery, underwear, slang, evidence. Kò sí èyí tó ń gba s nínú wọn, kò sì sí èyí tó ń gba "a" tàbí "an" níwájú. Ẹ má sì fi pátákó ojú títì ṣe tíṣà o. Mo mọ òpópónà kan tí káfíńtà kọ FURNITURES gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹni tó ń ta ìwé ní òdìkejì sì kọ STATIONERIES. "News" ní tirẹ̀ ní s nídìí, àmọ́ ẹyọ kan ló ń ṣe bíi: "the news is good". Bó bá di méjì, "two pieces of news" ni.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú yín lójú, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bíi ti Oxford Advanced Learner's tàbí ti Longman. Ẹ ó rí lẹ́tà C tàbí U lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: C ni aṣeékà, U ni aláìṣeékà. Wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé atúmọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì kì í sábà ní àmì yìí, ẹ má fi owó ṣòfò lórí ẹ̀.

Ẹ ó rí àwọn ọ̀rọ̀ kan tó ní C àti U pa pọ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti farabalẹ̀, torí ìtumọ̀ ló ń yí padà. Nínú ilé adìẹ, "many chickens". Nínú abọ́, "too much chicken", bí irú ẹ̀ bá wà. "Iron" ni irin, "an iron" ni áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ. "Much time" jẹ́ àkókò, "many times" jẹ́ ọ̀pọ̀ ìgbà. "Paper" ni bébà, "a paper" lè jẹ́ ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìdánwò. "Experience" láìní s ni ìrírí tí èèyàn ní lẹ́nu iṣẹ́. "Experiences" ni àwọn ohun tójú rẹ̀ ti rí. Àwọn nọ́ọ̀sì mi fẹ́ràn láti kọ "many years of experiences" sínú ìwé ìwáṣẹ́. Ẹ yọ s yẹn kúrò. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "damage". Ìbàjẹ́ ni, aláìṣeékà sì ni. "Damages" tó ní s ni owó tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé "the flood caused many damages", kóòtù wo ni wọ́n ti gbé àgbàrá lọ? "A lot of damage" ni kó kọ.

Ó wá ku àwọn ọ̀rọ̀ ìwọ̀n fúnra wọn.

"Many" ń bá aṣeékà tó ti di púpọ̀ lọ: many books, many women, many people. "Much" ń bá aláìṣeékà lọ. Ìyẹn kò le. Ohun tí nóòtì ilé-ìwé kì í sábà sọ ni pé "much" kì í fẹ́ dá dúró nínú gbólóhùn tí a kàn fi sọ pé nǹkan wà. "I don't have much money" dùn-ún gbọ́, "Do you have much work today?" náà dùn-ún gbọ́. "I have much money" le létí. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á ní "I have a lot of money". "A lot of" kò yan ẹnìkan, aṣeékà àti aláìṣeékà ló ń bá lọ. "Plenty of" náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé "of" nídìí ẹ̀. "Plenty people" Píjin ni. Bí "too" tàbí "so" bá wà níwájú "much", kò séwu: "too much salt", "so much noise".

"Few" àti "little" gba sùúrù, torí "a" kékeré kan lè yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá, JAMB sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn ọmọ ni pé "few" láìsí "a" ni "kò tó nǹkan"; "a few" ni "ó wà díẹ̀". Ká ní èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá síbi ìkómọ. Ìyá àgbà tó se ìkòkò ìrẹsì mẹ́ta kalẹ̀ á ní "few people came". Bàbá ọmọ tó rò pé òjò ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú á ní "a few people came". Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni. Ọ̀kan ń ráhùn, èkejì ń dúpẹ́.

"Little" àti "a little" ń ṣe bákan náà fún aláìṣeékà. "There is little fuel in the generator": ẹ má wulẹ̀ tàn án, kò ní dé ibì kankan. "There is a little fuel in the generator": ẹ tàn án, ó máa bá wa wo ìdajì bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ẹnìkan, ẹ ṣọ́ra gidigidi. "She has little experience" lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ tún ṣọ́ méjì yìí: "only a few" ti padà di "kò tó nǹkan", bó tilẹ̀ ní "a", "quite a few" sì túmọ̀ sí pé wọ́n pọ̀ díẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún yín, ẹ há a sórí ni.

"Fewer" wà fún aṣeékà, "less" wà fún aláìṣeékà: fewer patients, less noise. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí láàárín àwọn tó ni èdè pàápàá. Ní 1770, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Baker, kọ ọ́ pé lójú tòun, "fewer" dáa ju "less" lọ bó bá jẹ́ iye ni à ń sọ. Ohun tó wu òun ló sọ, àmọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e sọ ọ́ di òfin. Títí dòní, ẹ ó ṣì gbọ́ "less people" lẹ́nu àwọn òyìnbó. Ní 2008, Tesco, ilé ìtajà ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ "10 items or less" kúrò níbi ìsanwó, wọ́n fi "Up to 10 items" rọ́pò ẹ̀ kí ẹnu àwọn olófìn-ín-tótó lè sinmi. Ẹ̀yin tó ń lọ ṣe ìdánwò, ẹ má bá òyìnbó ṣe àfojúdi lórí èyí. Ẹ tẹ̀ lé òfin. Ibi tí òfin náà ti tú okùn sílẹ̀ ni owó, ọ̀nà jíjìn, àkókò àti irú wọn. "Less than five hundred naira", "less than ten kilometres", "less than two weeks". Àpapọ̀ là ń wò níbẹ̀, a kò kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹ̀yin ọmọ IELTS, "number" àti "amount" ni kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú Task 1 ti Academic, ìyẹn iṣẹ́ kìíní nínú apá ìkọ̀wé, wọ́n sábà máa ń gbé àwòrán iye síwájú yín, wọ́n á ní kí ẹ kọ ó kéré tán ọ̀rọ̀ 150 lórí ẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ kọ ọ́ láìlo ọ̀kan nínú méjèèjì. "The number of cars", "the amount of water". "The amount of people" ni ẹni tó ń gba máàkì máa ń rí kó tó fọwọ́ kan bírò. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀: "the number of nurses is rising", torí iye kan là ń sọ, "a number of nurses are leaving", torí àwọn nọ́ọ̀sì ló ń lọ.

"Several" àti "both" jẹ́ ti aṣeékà. "Some", "any" àti "enough" kò yan ẹnìkan. "Each" àti "every" fẹ́ ẹyọ kan: "every student has". "One of" kì í sì í gba ẹyọ kan lẹ́yìn ẹ̀ láéláé: "one of my friends", "one of the teachers". Mo ń gbọ́ "one of my friend" lẹ́nu àwọn tó ti gba dìgírì pàápàá.

Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ yín lára, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdánwò. Ẹ mú ohun tí ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ, ì báà jẹ́ ìwé ìwáṣẹ́ tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo much, many, few, little, less, number àti amount tó wà níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀ bóyá C ni tàbí U. Èyí tí kò bá bára mu, ẹ má kàn yọ s kúrò kí ẹ sì máa lọ. Ẹ tún gbólóhùn náà kọ pẹ̀lú kọ́ńgò rẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè ketekete.