Ẹ Yí I Padà Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Kílíìpù Eléyín Aláràbarà fún Irun Ojoojúmọ́

Oṣù Kẹta ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la kó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde. Mo wọ búbà léèsì funfun, mo ká irun mi sókè, mo sì fi kílíìpù eléyín aláwọ ẹkùn há a. ₦1,500 ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń dán yinrin. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Òógùn ń ṣàn ní ìpàkọ́ mi, òróró tí mo fi pa irun sì ń bá a ṣàn. A ò tíì bu oúnjẹ fún àlejò tán tí àbúrò mi fi fọwọ́ tọ́ mi léjìká pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló lẹ̀ mọ́ búbà yín lẹ́yìn?" Awọ ẹkùn ni. Ó ti ṣí kúrò lára kílíìpù bí èèpo ẹ̀pà, àmì tótòtó dúdú rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọrùn léèsì mi. Ike funfun báláú ló kù lórí mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ aláró ni mí. Òṣogbo, ìlú aró, ni wọ́n bí mi sí; inú ìkòkò aró ni ìyá mi ti rí owó ilé-ìwé mi. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi nípa àdìrẹ ni pé kí n yí aṣọ padà kí n tó yìn ín. Aṣọ tí aró mu, aró á hàn lẹ́yìn bó ṣe hàn lójú. Èyí tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ ọnà sí lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ á dà bí aṣọ tó ti ṣá. Mo mọ èyí láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò yí kílíìpù padà.

Onídìrí ni mí báyìí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ayétòrò ní Òṣogbo. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í béèrè lọ́wọ́ mi pé irú kílíìpù wo ni kóun rà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì UNIOSUN tó ń wá dirí ń pè é ní claw clip. Èmi ń pè é ní kílíìpù eléyín, torí eyín rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni màá sọ fún yín.

Kí ẹ tó wo àwọ̀, ẹ wo inú. Ẹ ṣí ẹnu kílíìpù náà, ẹ wo ibi tí eyín ti yọ. Bí ọnà tó wà lójú bá dé inú, tó tún wà lára eyín pàápàá, á jẹ́ pé ara kílíìpù náà ni. Bó bá jẹ́ pé etí ló ti dúró, tí inú wá jẹ́ funfun tàbí dúdú lásán, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ẹ fi èékánná ha etí ibi tí ọnà ti parí, díẹ̀ báyìí. Bó bá fẹ́ ṣí, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò lábẹ́ agboòrùn, ẹ gbé e sí oòrùn. Èyí tó dára, ìmọ́lẹ̀ á wọ ibi tó bá mọ́ lára rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé àwọ̀ náà jìn, bí ìgbà tèèyàn ń wo ìsàlẹ̀ odò. Ìyá kan tó ń tà á ní Ọjà Ọba ti bi mí rí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bíi dókítà?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi, mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń rà ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣẹ́ ₦200 kúrò nínú owó ẹ̀.

Èyí tí ọnà rẹ̀ wọnú bẹ́ẹ̀, ásítéètì ni púpọ̀ nínú wọn. Inú igi àti òwú ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, òun náà sì ni wọ́n fi ń ṣe férémù jígí ojú tó dáa. Wọ́n á pa onírúurú àwọ̀ pọ̀ di pátákó kan, wọ́n á wá gé kílíìpù lára rẹ̀, wọ́n á sì máa fi nǹkan dán an títí á fi yọ̀. Ìdí nìyẹn tí méjì nínú wọn kì í fi jọra tán, bí àdìrẹ méjì láti inú ìkòkò kan. Ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi kan tábìlì, ìró rẹ̀ kì í dún kẹ̀ǹkẹ̀ bíi ti ike lásán. Ó wọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ nínú òkìrìkà ni mo ti rí èyí tó dára jù nínú tèmi, ní ₦500, nítorí ẹni tó ń tà á ò mọ̀ yàtọ̀. Mi ò sọ fún un.

Mi ò sì sọ pé kí ẹ sá fún gbogbo ike. Àwọn kan wà tí wọ́n po àwọ̀ mọ́ ike kí wọ́n tó dà á sínú mọ́ọ̀dù, tó ń rí wínníwínní bíi máábù. Ìyẹn ò lè ṣí. Ó lè kán bó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ará Faransé kan, Christian Potut, ló gbé irú kílíìpù yìí jáde lọ́dún 1986, ní Oyonnax, ìlú tí òòyà ṣíṣe ti jẹ́ iṣẹ́ wọn tipẹ́tipẹ́. Ó wù mí pé ìlú olóòyà ló ti wá. Ìlú tiwa náà, a mọ ẹni tó ni òòyà idẹ: Ọ̀ṣun ni. Èyí tó dà bí ẹ̀yìn ahun, oyin àti dúdú tó wọnú ara wọn, ló ń tà jù. Nílẹ̀ òkèèrè látijọ́, èèpo ẹ̀yìn ahun òkun gan-an ni wọ́n fi ń ṣe irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, títí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES fi ka òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀. Tòde òní, ike ni, kò sí ahun kankan tó kú.

Ó kan eyín àti sípíríǹgì. Ibí ni ẹ ti máa lo àkókò, torí ibí ni irun ti ń já. Ẹ pa ẹnu kílíìpù náà dé: eyín apá kan gbọ́dọ̀ wọ àárín eyín apá kejì, bí ìka ọwọ́ méjì tó wọnú ara wọn. Bí wọ́n bá kàn forí sọra, irun á máa yọ́ jáde. Ẹ wá fa ẹnu eyín náà lórí ìborùn yín, kó jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá fa òwú kan ṣoṣo, ó ti ní etí mímú níbi tí ike méjì ti pàdé nínú mọ́ọ̀dù, ohun tó sì ṣe fún ìborùn ló máa ṣe fún irun yín. Ti sípíríǹgì, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá léraléra. Tó bá ń dún "kíríkírí", tàbí tí apá kan ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá sì le débi tí àtàǹpàkò ń dùn yín, irun fẹ́lẹ́ ò lè gbà á, àmọ́ ẹni tó di irun ńlá á nílò rẹ̀.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹ kó gbogbo irun yín, ẹ lọ́ ọ, ẹ fọwọ́ kan mú un. Bí àtàǹpàkò bá kan ìka tó tẹ̀ lé e láìsí wàhálà, kílíìpù bíi sẹ̀ǹtímítà 8 tó. Bí wọn ò bá pàdé, ẹ mú 11 sí 13. Kékeré bíi 4, ti ọmọdé ni, tàbí ti iwájú orí.

Irun adámọ́, èyí tí kò rí rílásà, ni mo fẹ́ràn jù fún kílíìpù yìí, ṣùgbọ́n ẹ má kó o nígbà tó bá ṣì ká jọ gbirigbiri. Lálẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ àti òrí pa á, ẹ fi òwú kó o bí àwọn ìyá wa ti ń kó o, ẹ di orí sùn. Láàárọ̀, ẹ tú òwú. Irun á ti nà láìsí iná. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi gbá a lọ sẹ́yìn, kì í ṣe òòyà. Ẹ lọ́ ọ láti ìpàkọ́ lọ sókè, ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí. Ọwọ́ ọ̀tún wá ṣí kílíìpù: eyín apá kan á gba àárín irun tí ẹ lọ́ àti awọ orí, á họ awọ orí díẹ̀ bó ṣe ń lọ, eyín apá kejì á bọ́ sórí irun tí ẹ lọ́. Kí ẹ tó jù ú sílẹ̀, ẹ rọra yí kílíìpù náà wọ inú díẹ̀, kó gbá irun tó wà lórí awọ orí mọ́ra. Ẹni tí kò bá ṣe ìyẹn, kí ó tó dé oríta Ọlaiya, kílíìpù á ti ń rọ̀ sílẹ̀ bí etí ajá. Ẹ mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ò bá mì, ẹ máa lọ.

Irun dídì tó ní àtáṣímẹ́ǹtì wúwo. Ìdajì òkè nìkan ni kí ẹ há, ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ wà nílẹ̀, tàbí kí ẹ pín in sí méjì, kí kílíìpù méjì gbé e. Ìlà àkọ́kọ́ ní iwájú orí, ẹ má fà á mọ́ ọn rárá. Mo ní oníbàárà kan, tíṣà ni, tó ń kó gbogbo rẹ̀ sókè lójoojúmọ́ ayé. Iwájú orí rẹ̀ ti sá sẹ́yìn tó ìka méjì. Irun onírílásà ń yọ̀, nítorí náà kílíìpù kékeré tí eyín rẹ̀ pọ̀ ló dára fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo híjáàbù, ẹ wá èyí tó pẹlẹbẹ, kí ẹ sì há a sísàlẹ̀ ní ìpàkọ́, kó má baà yọ gegele. Nínú mọ́tò, ẹ bọ́ ọ bí ẹ bá fẹ́ fara ti ìjókòó. Akoto ọ̀kadà náà ò gbà á.

Ní ti aṣọ, ojú mi ò gba awọ ẹkùn lórí àǹkárá olódòódó. Orí àti ara á máa bá ara wọn jà. Bí aṣọ bá ní ọnà púpọ̀, ẹ mú àwọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí kílíìpù gbé ìyẹn. Àmọ́ àdìrẹ aláró dúdú pẹ̀lú kílíìpù aláwọ̀ oyin, ẹ dán an wò. Aró máa ń jẹ́ kí oyin tàn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò pọ̀. Ọṣẹ, omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí òróró máa ń dì sí ìdí eyín rẹ̀. Ẹ nu sípíríǹgì gbẹ kó má dípẹtà. Ẹ má fi í sí iwájú mọ́tò nínú oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sínú omi gbígbóná tí a fi ń ri ẹnu irun, ó máa ń tẹ̀. Èyí tó burú jù ni acetone tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná: ó ń yọ́ ásítéètì. Ọmọbìnrin tó ń ṣe èékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló bá mi gbé èyí tí mo rà nínú òkìrìkà yẹn kúrò lórí àga, tìkatìka tó tutù fún acetone. Ó ti bẹ̀ mí. Àmì àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn kílíìpù náà, gbogbo ìlà rẹ̀ pé, mo sì ṣì ń fi há irun bí mo bá ń fọṣọ ní Sátidé.