Ẹ má jẹ àmàlà kẹ́ ẹ tó gun Láyípo: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àlejò Ìbàdàn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá láti Èkó lọ́dún tó kọjá. Aago mọ́kànlá àárọ̀ kò tíì lù tó ti gbé àmàlà ìgbákọ mẹ́rin mì pẹ̀lú ṣàkì àti bọ̀kọ́tọ̀, ó ní ó yá, ká lọ wo ìlú láti orí Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Àárẹ. A ò tíì gun àtẹ̀gùn dé ìdajì tó fi jókòó. "Àǹtí, ẹ máa lọ. Ẹ bá mi wò ó." Ikùn tó kún ò bá àtẹ̀gùn tó ń yí bíríbírí rẹ́. Òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Ẹ má sì sọ fún awakọ̀ Micra pé "Bower's Tower" lẹ̀ ń lọ. Láyípo ni. Wọ́n kọ́ ọ lọ́dún 1936 láti fi rántí Captain Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú wọn n'Íbàdàn, ẹni náà tó kó ìbọn ńlá lọ yìn lu Ọ̀yọ́ lọ́dún 1895. Ìlú gba ilé, wọ́n gbàgbé orúkọ onílé. Àtẹ̀gùn tó ń yípo ni wọ́n rántí. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sí Mápó, kò jìnnà. Àwọn kan á ti padà dé Bódìjà kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò tíì rí gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, wọ́n á tún padà wá san owó mọ́tò lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn àgbà ló máa ń ṣe àṣìṣe ti ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n rántí rélùwéè àtijọ́ ní Dùgbẹ̀, wọ́n rò pé ibẹ̀ náà ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021 yóò já wọn sí. Mọníyà ló ń já èrò sí, ìpẹ̀kun ìlú. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sáré lọ sí Mápó lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà Òjòó lẹ máa gbà wọ ìlú. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà lọ́nà, Bódìjà tẹ̀ lé e.

Ó wá ku oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, kì í pẹ́ kan. Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ jẹun. Ẹ má wo bí ilé náà ṣe lẹ́wà tó, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé: ṣé wọ́n ṣì ń fi omorogùn ro àmàlà bí wọ́n ti ń tà á, àbí inú kúlà ni wọ́n ti ń bù ú láti àárọ̀? Amala Skye ní Bódìjà ni gbogbo ayé mọ̀, ó dáa. Àmọ́ ibi táwọn onímọ́tò bá tò sí lọ́sàn-án, ẹ yà síbẹ̀ náà.

Wọ́n lè bi yín pé dúdú àbí funfun. Ti èlùbọ́ iṣu ni dúdú. Funfun ni láfún, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn àna mi jẹ́ ará Abẹ́òkúta, n ò fẹ́ ìjà, torí náà mi ò ní sọ ju pé n'Íbàdàn, dúdú ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má ní kí wọ́n ya ewédú sọ́tọ̀ kúrò lára gbẹ̀gìrì. Ẹ jẹ́ kí ìyá olóúnjẹ bù ú pọ̀, kó da ọbẹ̀ ata lé e, kó di àbùlà. Ẹran ló ń tú àpò, kì í ṣe àmàlà. Ẹ bi iye ògúnfe yẹn kó tó bọ́ sínú abọ́. Tó bá ti bọ́ síbẹ̀, tiyín ni.

Cocoa House, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n parí lọ́dún 1965, ilé ọ́fíìsì ni. Ẹ wòkè kí fìlà ṣí, ẹ ya fọ́tò, ẹ máa lọ. Ìdajì ọjọ́ làwọn kan ń lò níbẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ilé ìjọsìn Dominican tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀ wà ní Samonda. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice lọ́dún 2023 fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ rẹ̀. Ẹ má lọ ya fọ́tò níbẹ̀ nígbà Máàsì o.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti sọ fún un pé Láyípo la máa kọ́kọ́ gùn. Ó ní ṣé wọn kì í ta àmàlà lókè ibẹ̀ ni.