Ẹ wo oko láti ojú sátẹ́láìtì kí ẹ tó pín omi
Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò omi tí a fi ń bomi rin oko, ẹ má gbára lé àkọsílẹ̀ oko nìkan. Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán tí sátẹ́láìtì Sentinel-2 yà ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lásìkò tí òjò ò rọ̀, oko tó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ ni omi ń dé. Ewé tó yè máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, á sì dá infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí) padà. Ìyàtọ̀ yẹn ni NDVI, òǹkà tó ń fi bí ewé ṣe tutù tó hàn, ń wọ̀n. Àpótí kọ̀ọ̀kan inú àwòrán náà jẹ́ mítà 10 níbùú lóròó, nítorí náà 100 wọn jẹ́ hẹ́kítà 1. Ẹ yọ igbó etí odò kúrò o, òun náà máa ń tutù! Bí ìkùukùu bá bo oko, àwòrán ọjọ́ yẹn ò wúlò; ẹ dúró de òmíràn, bí ọjọ́ 5 síra ni.