Bí mo ṣe ya flamenco gidi sọ́tọ̀ lára orin ìbílẹ̀ Spéìn

Orin 30 ló wà nínú fóldà kan tí mo ní, "flamenco", ìyẹn orin àti ijó Andalusia ní gúúsù Spéìn, ni wọ́n sì kọ sára gbogbo wọn. Àtẹ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mi ò tẹ̀ lé gìtá, torí gìtá àti castañuelas (igi kékeré méjì tí oníjó ń gbá pọ̀ lọ́wọ́) máa ń tanni jẹ.

Mo dín ìyára orin kù sí 75%, mo wá ń kà láti 1 dé 12. Bí àtẹ́wọ́ 3, 6, 8, 10 àti 12 bá wúwo ju ìyókù lọ, soleá tàbí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni (soleá, bulería, siguiriya àti tangos jẹ́ ẹ̀yà flamenco). Ti bulería, 12 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "12, 1, 2, 3", bí o bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Siguiriya náà ní 12, àmọ́ wọ́n pín in sí 2, 2, 3, 3, 2. Tangos ò le, 4 péré ni.

Bí ó bá ń lọ ní 3, 3, 3 láìyẹsẹ̀, fura. Sevillanas, orin ijó ìbílẹ̀ Sevilla, ló sábà máa ń jẹ́: orin 4 tí wọ́n ń jó ní méjì-méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pín sí 3, tó sì máa ń já lójijì, tí akọrin àti oníjó á dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Alegrías, tó jẹ́ flamenco, àti jota, tó jẹ́ orin ijó ìbílẹ̀, ló fún mi níṣẹ́ jù. Inú dídùn ló wà nínú ohùn méjèèjì, kọ́ọ̀dù 2 ló sì ń gbé wọn lọ jù. Mo fi ọ̀rọ̀ orin ṣe àmì, mo sì ṣì í: alegrías ti Cádiz náà máa ń dárúkọ Pilar (Màríà Wúńdíá ti Zaragoza) àti odò Ebro, tó jẹ́ ti Aragón, ibi tí wọ́n mọ̀ mọ́ jota. Mo padà sídìí àtẹ́wọ́. Jota ń lọ ní 3. Alegrías ní 12 tòun ti ìwúwo rẹ̀. Bí akọrin bá fi "tirititrán" ṣíde, alegrías ni, má wulẹ̀ kà á mọ́.

Fún soleá, mo tún gbọ́ bí gìtá ṣe ń sọ̀kalẹ̀: Am, G, F, kó wá jókòó sórí E. Cejilla tí wọ́n fi dí ọrùn gìtá lè yí orúkọ kọ́ọ̀dù padà, nítorí náà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni kí o gbọ́.

Fandango, ẹ̀yà orin Spéìn míì, ló kù. Èyí tí kò ní àtẹ́wọ́, tí gìtá ń dúró de akọrin, bíi malagueña àti granaína, mo kó o sí flamenco. Fandango Huelva tó ń lọ ní 3 wà láàárín flamenco àti orin ìbílẹ̀. Mo ṣí fóldà kẹta fún un, yàtọ̀ sí ti flamenco àti ti orin ìbílẹ̀. Verdiales, fandango ti Málaga, kò sí níbẹ̀: bí fáyólìn àti ìlù pandero bá ti wọlé, orin ìbílẹ̀ ni.