Ayẹyẹ Aboyún àti Ìkómọ Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Ilẹ̀ Okun

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé, láti Egbe dé Isanlu, láti Mopa dé Iyara, ní Kabba, ní Bunu, títí dé Oworo: okun o.

Láyé àtijọ́, a kì í pe àpèjẹ sórí oyún tí a kò tíì bí. Àwọn àgbà á ní kí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó ń gbé Èkó, Abuja àti Lokoja ti mú bébì ṣáwà wálé, ó sì ti ń bá ìkómọ rìn ní ọ̀pọ̀ ilé. Ìwé yìí kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ká wa lára ni pé nígbà tí àrùn bá wà nílùú, ẹni tí a torí rẹ̀ pe ayẹyẹ gan-an ni àrùn náà lè ṣe níbi jù lọ.

Nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, kò pẹ́ tí àwọn dókítà káàkiri ayé fi rí i pé bó bá mú aboyún, ó máa ń le sí i lára ju obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò lóyún lọ, ó sì lè mú kí ọmọ wáyé láìpé oṣù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé pàjáwìrì ti parí, àmọ́ wọn kò sọ pé àrùn náà ti lọ. Ibà Lassa sì tún wà, tó máa ń gbilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpínlẹ̀ Ondo àti Edo tó ti máa ń jà jù bá Kogi, ìpínlẹ̀ tiwa, pààlà. Bí Lassa bá mú aboyún ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún, ìyá àti ọmọ ló máa ń wà nínú ewu ńlá. Kòrónà ń gba inú èémí àti ikọ́ ràn. Lassa ní tirẹ̀ ń gba inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bà lé oúnjẹ àti ohun èlò, ó sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn. Ọ̀nà méjèèjì la máa dí.

Ta ni yóò wá, ta ni yóò sọ fún wọn?

Kí ẹ tó ronú kan àtíbàbà, ẹ ka orí ènìyàn. Níbi tí àrùn bá ti ń jà, ẹni mẹ́wàá ti tó, àwọn tó sì ti ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú aboyún ni kó pọ̀ jù nínú wọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le, nítorí pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbọ́ pé ilé ẹbí ń ṣe nǹkan kì í dúró de ìwé ìpè. Aboyún kò lè sọ fún àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n má wá. Bó bá sọ ọ́, wọn ó ní ó ya aláfojúdi. Èmi tí mò ń kọ èyí ti rí aboyún tó mọ̀ pé ó léwu, tó sì jókòó síbẹ̀ láàárín èrò nítorí kò sí ẹni tó bá a sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ nílé yín. Ẹnu àgbà ilé ni kí ọ̀rọ̀ ti jáde, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: bàbá ọkọ, tàbí ìyá ilé tó dàgbà jù. Kó sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí, kó sì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí lórí fóònù:

“Ẹ kú ilé o. Ọlọ́run ti ṣe é fún wa, ìyàwó wa ń retí ọmọ. Nítorí àrùn tó wà nílẹ̀, àwa díẹ̀ nínú ilé la ó jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fi àdúrà yín ránṣẹ́ sí wa. Bí ọmọ bá dé tí àrùn sì rọlẹ̀, a ó pè yín wá jẹyán.”

Ọmọ ẹbí tó ń bọ̀ láti ìrìnàjò ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ láti Èkó lè ti kó kòrónà kí ara rẹ̀ má sì tíì sọ fún un, nítorí ó lè tó ọjọ́ 14 kí àmì rẹ̀ tó yọ. Ẹ bi í léèrè kó tó wọkọ̀: ṣé ara rẹ ń gbóná, ṣé o ń húkọ́, ṣé o kò gbóòórùn nǹkan mọ́? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, kó jókòó sí Èkó, kó wò wá lórí fídíò WhatsApp. Bó bá tilẹ̀ wá láìsí àmì kankan, kó sùn sílé ẹbí mìíràn, kó má bá aboyún sun yàrá kan.

Ibi ìjókòó

Ìta ni, kì í ṣe pálọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Abẹ́ igi máńgòrò dára ju gbọ̀ngàn ńlá lọ. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí ògiri ti gba afẹ́fẹ́ lójú, ẹ má wọlé. Ẹ to àga ilé kọ̀ọ̀kan papọ̀, kí ìṣísẹ̀ ńlá méjì wà láàárín ilé kan àti èkejì. Àga aboyún yóò wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí afẹ́fẹ́ máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ èrò. Gbogbo èrò á wọ ìbòmú, àfi ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun.

Ẹ dín ariwo ẹ̀rọ kù. Bí orin bá ti lọ sókè jù, ènìyàn á máa pariwo sí ara wọn létí, igbe àti orin kíkọ ló sì ń tú kòkòrò àrùn jáde lẹ́nu jù. Wákàtí kan ààbọ̀ ti tó.

Ìkíni kò ṣòro fún wa. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ wa kò nílò ìbọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún oyún, kó na ọwọ́ láti ọ̀ọ́kán, kó má gbé e lé ikùn. Owó ni wàhálà, torí a fẹ́ràn ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí. Ẹ gbé igbá kan kalẹ̀ kí gbogbo ènìyàn máa ju tiwọn sí i. Kí kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, kí olúkúlùkù fọ ọwọ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ni pé kó rọra ka ení dé ogún.

Oúnjẹ

Ìdí odó ni èrò ti máa ń fún mọ́ra ju abẹ́ àtíbàbà lọ. Obìnrin mẹ́ta tó ń gúnyán á máa mí sókè sódò lójú ara wọn, wọn á máa ṣàwàdà, wọn á máa kọrin. Ẹni tó bá ń húkọ́ kò gbọdọ̀ di ọmọ odó mú. Kí àwọn tó ń sè é má ju mẹ́ta lọ, kí wọ́n wà níta gbangba. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó bu oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn, kí abọ́ àti ife olúkúlùkù dá yàtọ̀. Èyí tó kù, ẹ gbé e ránṣẹ́ sílé àwọn àgbà tí kò lè wá. Inú wọn á dùn, wọn kò sì ní bínú mọ́.

Nítorí Lassa, ẹ má lo gaàrí tàbí èlùbọ́ tí a sá sí ẹ̀bá títì tàbí sórí àpáta láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí. Èyí tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ dà á nù, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ní ti ẹ̀bùn, kòrónà kò fi bẹ́ẹ̀ ń gba ara aṣọ ràn, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ ọmọ tuntun, kí ẹ sá a sóòrùn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dára lẹ́bùn. Owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìrọbí tún dára jù ú lọ.

Nígbà ìkómọ

Ọjọ́ kẹjọ pé, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti oyin wà nílẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí kan tọ́ oyin yí ká ẹnu gbogbo ènìyàn. Ẹ kán an sí àtẹ́lẹwọ́ olúkúlùkù. Yálà àrùn wà nílẹ̀ tàbí kò sí, ẹ má fi oyin kan ọmọ lẹ́nu títí yóò fi pé ọdún kan. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn ìkókó kò tíì lágbára láti borí, tó ń mú iṣan ọmọ rọ, tí kò fi ní lè mu ọmú tàbí mí dáadáa. Ẹ fi kan ìyá lẹ́nu dípò rẹ̀. Àdúrà náà kò dín.

Ìyá, bàbá àti ẹni tó ń sọ orúkọ nìkan ni kó gbé ọmọ. Kò sí fífi ẹnu kan ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ má fi ìbòmú bo ìkókó, kò ní lè mí. Ẹ sì rí i pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Bí ara aboyún bá gbóná, bí èémí rẹ̀ bá ń há, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí tí ọmọ kò yíra mọ́ nínú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àpèjẹ wà nílẹ̀ tàbí kò sí. Nọ́ńbà 6232 ni ti àjọ NCDC tó ń bójú tó àjàkálẹ̀ àrùn, ọ̀fẹ́ sì ni pípè é. Ìyá tí kòrónà bá mú ṣì lè máa fún ọmọ lọ́mú, bó bá wọ ìbòmú tó sì fọ ọwọ́ rẹ̀. Ti Lassa yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó wá sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi pamọ́. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá yá láàárín ọjọ́ 14, kó tètè pe ilé, kí wọ́n lè mú aboyún lọ fún àyẹ̀wò kí ọ̀rọ̀ tó pẹ́ jù.