Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Iná Ilé-iṣẹ́ Tòkúnbọ̀ Tan Aquarium Omi Iyọ̀ Nílé

Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí owó ẹnikẹ́ni má baà ṣègbé, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́: tó bá jẹ́ ẹja nìkan lẹ fẹ́ sìn nínú omi iyọ̀, ẹ ò nílò gbogbo wàhálà yìí, gílóòbù LED kékeré tí ẹ ó fi máa rí wọn ti tó, ẹja ò jẹ iná. Coral, ẹran omi òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta, ló ń jẹ ẹ́. Àwọn ewédò kan wà nínú ara coral, wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń se oúnjẹ tí coral náà ń bá wọn jẹ níbẹ̀, búlúù ni wọ́n sì fẹ́ràn jù, nǹkan bíi 450nm (nm ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Iná tí wọ́n dìídì ṣe fún coral ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ iye ẹ̀ á wá ibi jókòó sí. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ iná ilé-iṣẹ́ nìyẹn.

Tí ilé epo bá pààrọ̀ iná abẹ́ páànù wọn, tàbí gbọ̀ngán àpèjẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ilé ìkẹ́rùsí, ọwọ́ àwọn tó ń ra kọ́ndẹ́ẹ̀mù ni àwọn àtijọ́ yẹn sábà máa ń já sí. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè l'Adó àti Ìkẹ̀rẹ́ kí ẹ tó sọ pé Alábà l'Ékòó lẹ ń lọ.

Oríṣi méjì lẹ máa bá. Ọ̀kan ni metal halide, páànù ńlá tó dà bí agbada tí wọ́n máa ń so kọ́ sókè, 250W tàbí 400W, choke inú ẹ̀ wúwo débi pé ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Òun làwọn tó ń sin coral lókè òkun lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí LED tó gbòde, coral sì máa ń ṣe dáadáa lábẹ́ ẹ̀, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n l'Ékìtì ńbí, èmi ò ní fowó mi rà á. Tí iná bá lọ tó sì dé padà, kò ní tàn lójú ẹsẹ̀, ó máa kọ́kọ́ tutù ná, ó lè tó ìṣẹ́jú 10 sí 15, tó bá wá tàn tán á tún lo ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ wá wo ìyẹn níbi tí iná ti ń lọ tó tún ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Ooru ẹ̀ náà ò kéré. Gílóòbù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 4000K (bí K bá ṣe ń ga sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń súnmọ́ búlúù), ẹ ṣì máa wá ti aquarium tó jẹ́ 10000K sí 20000K tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì mu, tí choke yẹn sì lè gbé. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ní i nílé tí ẹ fẹ́ lò ó dandan, ẹlẹ́tíríṣíànì tó mọṣẹ́ ni kó ṣí i, torí capacitor inú ẹ̀ lè gbé iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ plọ́ọ̀gì. Tí gíláàsì ìta gílóòbù bá ti fọ́ tó sì ṣì ń tàn, ẹ pa á kíá, gíláàsì yẹn ló ń dí UV tó ń jó ojú àti awọ ara. Èyí tó ń tàn yẹ́lò létí títì, sodium nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ gbé e wálé.

LED ni kí ẹ mú. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé ohun tí ẹ ń ra gan-an ni irin aluminium tó ń fa ooru, àti driver, àpótí kékeré tó ń sọ iná NEPA di èyí tí LED lè lò. Chip tó ń tàn lè kú kí ẹ ra òmíràn. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí lára driver. Tó bá jẹ́ 30–36V, 1500mA, chip 50W kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ 3000mA, 100W nìyẹn, irú ẹ̀ ni kí ẹ máa wá torí chip búlúù tó gba vóltéèjì kan náà wà lọ́jà, wọ́n ń pè é ní royal blue. Àwọn roboto tí chip kéékèèké kún ojú wọn, vóltéèjì tiwọn sábà máa ń ga, ẹ má tú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tàn funfun wọn lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ò bá rí driver kankan nínú ẹ̀, tó jẹ́ pé 220V ló wọ orí páálí chip tààrà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò sí ohun tó dá yín sí lára iná NEPA nínú ìyẹn, omi iyọ̀ sì ń gbé iná ju omi kànga lọ fíìfíì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tàn án. Kì í ṣe tàn-án-pa-á o, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ owó", kó tó ìdajì wákàtí. Ẹ fọwọ́ kan aluminium ẹ̀yìn ẹ̀, ó yẹ kó ti gbóná, tó bá ṣì tutù nígbà tí ojú ẹ̀ ń jó, òróró (thermal paste) tó wà láàárín chip àti irin ti gbẹ nìyẹn, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù wò ó, tí ìlà dúdú bá ń sáré kọjá, driver yẹn ò dára tó, ẹ fi já owó ẹ̀ wálẹ̀.

Fún aquarium onígíláàsì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí ẹ fẹ́ sin coral rírọ̀ nínú ẹ̀, 50W méjì á ṣe é, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ní funfun 6500K, ẹ sọ èkejì di búlúù. Yíyí ẹ̀ ò le: ẹ yọ iná, ẹ tú gíláàsì iwájú, ẹ má fa rọ́bà ẹ̀ ya, ẹ fi áyọ̀ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó léèdì jó wáyà méjèèjì kúrò lára chip, ẹ fi spirit nu òróró àtijọ́ dànù, ẹ tẹ́ thermal paste tuntun lẹ́lẹ́, ẹ de chip búlúù mọ́ ọn ṣinṣin, plus sí plus, minus sí minus, ẹ dá rọ́bà padà kí ẹ fi silicone yí i ká. Ẹ má dán chip wò láìtíì dè é mọ́ irin, kò ní pẹ́ jó. Ẹ má sì tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ búlúù yẹn.

Ibi tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni gbígbé kọ́, torí iyọ̀. Ìkùukùu omi iyọ̀ máa ń fò lọ lẹ̀ mọ́ iná, ó ń jẹ aluminium, ó ń jẹ wáyà, tí ìpàtà aláwọ̀ ewé ara kópà bá wá kán sínú omi, coral àti edé lè kú. Ìdí nìyẹn tí IP65 tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ò fi yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ tán, omi tí wọ́n fín sí i ló ń sọ, kò sọ iyọ̀. Ẹ fi ṣéènì so ó kọ́ ní nǹkan bíi 40 sí 60cm sókè omi, kì í ṣe sára gíláàsì o, sára àjà tàbí irin tí wẹ́dà bá yín ṣe tí ẹ sì kùn, ẹ má lo irin oní-zinc lókè omi. Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn tẹ̀lé e lè kán sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sómi lásán nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Áàtì gbọ́dọ̀ wà, ẹ ní kí ẹlẹ́tíríṣíànì bá yín fi RCD 30mA sí i, èyí tó máa ń já iná fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò, èmi ò ní gbà kí ẹ fo ìyẹn.

Kí ẹ tó da omi sí i, ẹ fi app lux meter wọn ìmọ́lẹ̀ níbi tí coral máa jókòó sí. Ẹ pa búlúù ná torí fóònù ò lè kà á dáadáa. Ẹ fi nǹkan bíi 70 pín iye lux, ẹ ti rí PAR níwọ̀nba, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ewédò inú coral lè lò, 7000 lux ń lọ sí 100. Coral rírọ̀ fẹ́ 50 sí 150, àwọn SPS, ìyẹn coral líle bí òkúta, fẹ́ 200 sí 400, omi náà á tún gba díẹ̀ nínú ẹ̀. Tó bá pọ̀ jù ẹ fa ṣéènì sókè. Tí coral bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fún un ní wákàtí 4 lójúmọ́ ná, ẹ máa fi wákàtí kan kún un lọ́sẹ̀ títí á fi di 8 tàbí 9, ìmọ́lẹ̀ òjijì máa ń jẹ́ kí ara ẹ̀ funfun. Ẹ ra táímà.

Omi Ìkógòsì gbóná, ó dùn wẹ̀, coral ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, 24 sí 27°C ni tiẹ̀. Tó bá ń ga, ẹ kọ fáànù kékeré sójú omi. Omi tó bá gbẹ, omi aláìníyọ̀ tí wọ́n fi RO (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi di mímọ́) sẹ́ ni kí ẹ fi dí i, torí omi nìkan ló fẹ́ lọ, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Omi òjò orí páànù, ẹ má dà á sí i.

Ní ti íńfátà, póǹpù ni kí ẹ so mọ́ ọn ṣáájú, kì í ṣe iná. Òkùnkùn ọjọ́ kan méjì ò ní pa coral, ṣùgbọ́n tí omi ò bá rìn láàárín wákàtí mélòó kan, ẹja á ti máa mí sókè. Tí bátìrì bá ṣẹ́kù, búlúù nìkan ni kí ẹ tàn.